Ọ̀rọ̀ Wẹ́wẹ́ Inú Lẹ́tà

Mo mọ arère, mo mọ ọ̀gànwó,
imú lásán ni mo fi ń mọ àfàrà tí òjò ti pa rí.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kan àga ní Òkè-Lísà, l'Óndó,
ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó sórí iṣẹ́ mi kó ṣubú.
Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì!
Gẹ̀ẹ́sì ni mi ò rí kàn pọ̀.

Mo ní pákó rẹ̀ nílẹ̀: háọ́sì, mọ́nì, fádà, réènì.
Mo tò wọ́n jọ bí igi ẹnu ọ̀nà ilé ìlagi,
wọ́n ga, wọ́n gùn, wọn ò di nǹkan kan.

Ìyáàfin Adégbulúgbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
ló ń kọ́ wa ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun:
èmi, obìnrin méjì tó ń dirun,
àti Ọládùnjoyè tó ń lẹ táyà, tó máa ń sùn.
Ó wo ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́,
ó ní, "Akínmọ́ladùn, ìṣó rẹ dà?"

Ó wá kọ wọ́n sára pátákó:
bọ́ọ̀tì, sóò, ífínì, sítíìlì, dáàtì.
Ó ní wọn kì í fẹ́ dá rìn.
"Sóò" a rọ̀ mọ́ "ífínì", "bọ́ọ̀tì" a ṣíwájú wọn;
bí o bá dá "ífínì" sọ, tí o dákẹ́,
ẹni tó ń gbọ́ ọ á máa wò ọ́ lẹ́nu
bí èrò ọkọ̀ tó ń dúró gba ṣéńjì.

Ó ní "dáàtì" ni "yẹn". Ilé yẹn, dáàtì háọ́sì.
Mo rò ó títí.
Àwa a dárúkọ ilé ná ká tó nawọ́ sí i,
àwọn a nawọ́ kí wọ́n tó dárúkọ.
Èwo ló ní ẹ̀kọ́ ilé nínú méjèèjì? Ẹ má bi mí.

Mo délé, mo ṣí àpótí irin.
Lẹ́tà àbúrò mi Fọlárànmí wà nísàlẹ̀,
láti Kàdúná, lọ́dún tí a sin Bàbá.
Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò gbọ́ Yorùbá ló bá a kọ ọ́.
Ọmọ iṣẹ́ mi ló kà á fún mi nígbà náà,
ọmọ tó ń fo ọ̀rọ̀ bí ewúrẹ́ ṣe ń fo gọ́tà:
"Ọ̀gá, ó ní inú ń bí òun. Ó ní owó ìsìnkú.
Ó ní ilé."
Èmi fúnra mi ni mo kan ìyókù pọ̀,
mo sì kàn án ní ìkànkukàn.
Ọdún mẹ́sàn-án. Mi ò pè é. Kò pè mí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo fi ìka tẹ̀ lé e lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì,
mo sì bá wọn níbẹ̀, wẹ́wẹ́,
bí ìṣó tí a gbá wọnú igi, tí orí rẹ̀ ò hàn mọ́:
Bọ́ọ̀tì ífínì sóò, dáàtì háọ́sì ísì sítíìlì yọ́ọ̀sì.
Ṣùgbọ́n.
Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ náà.
Ilé yẹn.
Tìrẹ ṣì ni.

Mo fi àtàǹpàkò bo "sítíìlì", kí n wò ó bóyá kò wúlò.
Gbólóhùn náà mì, bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Mo yára gbé àtàǹpàkò kúrò.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé èsì mi lọ fún Ìyáàfin.
Ó fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́,
ó ní a kì í fi "ṣùgbọ́n" bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà,
pé nǹkan gbọ́dọ̀ ti wà níwájú rẹ̀.
Mo ní, "Mà, ó wà.
Ọdún mẹ́sàn-án ló wà níwájú rẹ̀."
Ó wò mí.
Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò fi pa yíǹkì náà rẹ́.